Ewé tíì àbí asofẹ́yẹjẹ fún ọkàn tí kò balẹ̀?

Lọ́jà Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, bí ẹ bá sọ fún ìyá ẹlẹ́wé ọmọ pé ọkàn yín kò balẹ̀, ewé tíì (lemongrass) ni wọ́n lè dì fún yín. Wọ́n sì lè na ọwọ́ sí egbò igi asofẹ́yẹjẹ.

Ewé tíì kò ní wàhálà. Ẹ fọ ewé tútù márùn-ún, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ da omi híhó ife kan lé e, kí ẹ sì dé e fún ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ kò bá dé e, òórùn rẹ̀ á bá ooru lọ. Wákàtí kan kí ẹ tó sùn ni kí ẹ mu ún. Ara á rọ̀ díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Asofẹ́yẹjẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ rárá. Òun làwọn oníṣègùn wa fi ń tọ́jú wèrè, ó sì ń mú ara wálẹ̀ lóòótọ́, nítorí reserpine tó wà nínú èèpo egbò rẹ̀. Ọdún 1952 ni wọ́n yọ kẹ́míkà yìí lára ìbátan igi náà tó wà ní Íńdíà, wọ́n sì fi ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ó ń gbẹ àwọn èròjà tó ń mú inú dùn kúrò nínú ọpọlọ. Ẹni tó ń wá ìfọ̀kànbalẹ̀ lè bá ara rẹ̀ nínú ìbànújẹ́ ńlá. Imú á dí, òòyì á kọ́ni béèyàn bá dìde lójijì. Kò sí bí ẹ ṣe lè mọ ìwọ̀n rẹ̀ nínú ìgò àgbo. Tí wọ́n bá tún fi ọtí rẹ ẹ́, ewu di méjì.

Ewé tíì là ń yàn fún ìlò ilé. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìrẹ̀wẹ̀sì kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan asofẹ́yẹjẹ. Bí oorun bá kọ̀ tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn Olabisi Onabanjo ní Ṣágámù, bí ẹ bá sì ti mu àgbo kankan, ẹ mú ìgò rẹ̀ dání.