Smith & Wesson No. 1 tí wọ́n fọwọ́ fín: bí mo ṣe rà á ní gbàǹjo àti ohun tí mo rí lára rẹ̀

Smith & Wesson No. 1 ni mo rà, ẹ̀yà kejì rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe láti 1860 sí 1868 ní Springfield, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ìbọn ìléwọ́ kékeré ni; àtẹ́lẹwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán. Ọta .22, ìyẹn ọta kékeré, méje ni ilé ọta rẹ̀ ń gbà. Ara rẹ̀ jẹ́ idẹ tí wọ́n fi fàdákà bò, ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ irin onígun mẹ́jọ, èèkù rẹ̀ sì jẹ́ eyín erin. Ìtàkùn ni wọ́n fín sí i láti ìdí ọ̀pá títí dé ẹ̀yìn èèkù. Ó ná mi ní ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là ó lé díẹ̀, owó àfikún tí ilé gbàǹjo ń gbà wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ìràwọ̀, ìbọn náà gba márùn-ún lọ́wọ́ mi. Ilé gbàǹjo gba méjì, èyí náà sì jẹ́ ojú àánú.

Alágbẹ̀dẹ wúrà ni mí, ní Maryland níbí. Orúkọ àti òdòdó ni mò ń fín sára òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Mi ò yìnbọn rí, kò sì sí lọ́kàn mi láti yìn ín. Ọwọ́ ẹni tó fín in ni mo sanwó fún. Irú ìbọn yìí tí ilé iṣẹ́ náà ṣe lé ní 100,000, ẹni tó bá ń wá èyí tí a kò fín kò ní jìnnà kó tó rí i rà. Èyí tí wọ́n fín ni kò wọ́pọ̀, èyí tí wọ́n sì fín dáadáa tí ẹnikẹ́ni kò tíì bà jẹ́ ṣọ̀wọ́n gan-an.

Àwọn ọ̀rẹ́ bi mí pé kí ló dé tí n kò ra Colt, ìbọn ilé iṣẹ́ míì. Owó ni. Colt ti Hartford lórúkọ ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé Samuel Colt fúnra rẹ̀ máa ń fi èyí tí wọ́n fín tí wọ́n sì fi wúrà sí ta àwọn ọba àti ìjòyè ayé lọ́rẹ. Gustave Young, ọlọ́nà ọmọ Jámánì, ló wà nídìí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ńlá yẹn kó tó kó lọ sí Springfield lọ́dún 1869 láti máa ṣe ti Smith & Wesson. Ẹni tó bá dé New York lè wo Dragoon kan, irú Colt ńlá kan, ní Metropolitan Museum, ti nǹkan bí 1853, tí wọ́n fi wúrà ya àwòrán George Washington sí lára. Ojú ni mo fi ń jẹ irú ìyẹn.

Nǹkan kan tún wà nípa Colt tí ó máa ń mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rí Colt Navy ti 1851 tí ẹni tó ń tà á kọ pé ó ní “iṣẹ́ fínfín” lára ilé ọta. Lóòótọ́, ogun orí omi ló wà níbẹ̀, ogun àwọn ọkọ̀ Texas àti ti Mexico, wọ́n tilẹ̀ kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i, 16 May 1843. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Waterman Ormsby ló gbẹ́ àwòrán náà sára irin kan, wọ́n sì ń fi irin yẹn yí ilé ọta kọ̀ọ̀kan lára. Gbogbo Navy ló ní in. Kò yẹ kẹ́nikẹ́ni fi kọ́bọ̀ lé owó nítorí rẹ̀.

Ti Smith & Wesson yàtọ̀. Láyé ìgbà yẹn, J. W. Storrs ní New York ni aṣojú tó ń bá wọn ta ìbọn, àwọn oníṣòwò ìlú náà ló sì sábà máa ń gbé e fún ọlọ́nà lẹ́yìn tó ti kúrò nílé iṣẹ́. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni L. D. Nimschke, tí wọ́n bí ní Jámánì lọ́dún 1832, tó kú lọ́dún 1904. Bó bá fín ìbọn tán, a máa fi tàdáwà tẹ iṣẹ́ náà sórí bébà kó tó dá a padà. Àwọn bébà yẹn ṣì wà, wọ́n sì ti tẹ̀ wọ́n jáde, ohun náà ló jẹ́ kí aráyé mọ ọwọ́ rẹ̀ lónìí. Ó tún fa wàhálà: gbogbo ìbọn New York tó bá ti ní ìtàkùn, “Nimschke” ni wọ́n ń pè é. Ohun tí ilé gbàǹjo kọ sí tèmi nìyẹn, láìsí “bóyá” níbẹ̀. Mo fi wé àwọn àwòrán tí mo ní. Mo gbà pé ilé ọlọ́nà tó mọ irú ọ̀nà yẹn ló ti jáde. Pé Nimschke fúnra rẹ̀ ló fín in, n kò gbà. Ìtẹ̀ ìtàkùn tirẹ̀ máa ń kún ju báyìí lọ, ewé inú rẹ̀ sì máa ń yí padà lójijì. Ẹni tó ṣe tèmi ń sáré.

Kí n sọ ohun tí mo rí nígbà tí mo fi awò iṣẹ́ mi sójú, nítorí ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Idẹ rọ̀, irin le. Lára idẹ, ọlọ́nà náà ta irin ìfín rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìlà náà sì bẹ̀rẹ̀ tín-ín-rín, ó sanra láàárín, ó tún parẹ́. Ìlà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó dé orí ọ̀pá, ìtàkùn kan náà di gígé kéékèèké, ó ń ta á díẹ̀díẹ̀, kò sì jinlẹ̀ tó ti idẹ. Ilẹ̀ tó wà láàárín àwọn ewé ni ó fi àmì tótòtó kún, bí àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ ṣe máa ń họ ilẹ̀ igbá kí àwòrán lè yọ. Lápá ọ̀tún àmì náà dọ́gba. Lápá òsì, ó ti rẹ̀ ẹ́, tàbí ilẹ̀ ti ń ṣú, àmì náà fọ́n káàkiri. Mo fẹ́ràn apá òsì yẹn ju ti ọ̀tún lọ.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ àná? Ẹ wo fàdákà. Níbi tí ọwọ́ èèyàn ti ń kàn án, fàdákà ti jẹ tán, idẹ pupa ti yọjú. Ṣùgbọ́n fàdákà ṣì wà nísàlẹ̀ àwọn ìlà. Ìyẹn ni pé wọ́n fín in kí wọ́n tó bò ó. Bí ẹnì kan bá fín in lánàá, idẹ ni à bá rí nísàlẹ̀ ìlà, fàdákà á wà lókè. Ẹ tún wo ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ìtàkùn náà gba orí ojú ààlà kọjá láìyẹ̀, tí ó fi hàn pé ìdérí náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fín in, kì í ṣe ti ìbọn mìíràn tí wọ́n gbé wá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ àti ọjọ́ àṣẹ tó wà lára ilé ọta, 3 April 1855, ti àṣẹ (patent) tí Rollin White gbà lórí ìhùmọ̀ rẹ̀, èyí tí Smith & Wesson ń san 25 sẹ́ǹtì lé lórí fún ìbọn kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́nà gidi a máa yà fún irú àkọlé bẹ́ẹ̀. Ayédèrú ọlọ́nà a máa gé e kọjá.

Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rù ìbọn tó ti ṣá. Mo rí òmíràn ní gbàǹjo kan náà tó ń dán yanran, tí wọ́n ti fi níkẹ́ẹ̀lì tuntun bò. Owó rẹ̀ ju tèmi lọ. Kí wọ́n tó bò ó, wọ́n ti kọ́kọ́ ha á lára, etí gbogbo ìlà sì ti kú. Ẹni tó rà á ra dídán.

Ní ti ilé gbàǹjo, n kò ní í dárúkọ wọn. Àwòrán wọn dára bí èèyàn bá ń wò ó láti òkèèrè. Mo ní kí wọ́n ya nọ́ńbà abẹ́ èèkù fún mi, wọ́n ní àwọn kì í tú èèkù. Mo ní kí wọ́n ya eyín erin náà níbi tó ti là, wọ́n ní “kò là.” Ó là, ó là ní gígùn bí eyín erin àtijọ́ ṣe máa ń là, kò sì bà mí nínú jẹ́ nítorí pé egungun kì í là bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́? Wọ́n dì í sínú páálí tí èèyàn ń fi di ìwé ránṣẹ́.

Lẹ́yìn náà mo kọ̀wé sí Smith & Wesson Historical Foundation fún ìwé ẹ̀rí. Ìwé náà sọ ọjọ́ tó kúrò nílé iṣẹ́, ó sì ní J. W. Storrs ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Kò sọ̀rọ̀ fínfín. Kí ẹnikẹ́ni má bínú sí wọn: ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tó jáde kò sí nínú ìwé ilé iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ òfin. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1968 ka ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú sí ti àtijọ́, ìdí nìyẹn tó fi wọlé tọ̀ mí wá láìgba ọwọ́ oníṣòwò ìbọn tó ní ìwé àṣẹ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ní tirẹ̀. Eyín erin ló máa ń dá títà rẹ̀ dúró, New York, New Jersey àti California wà lára àwọn tó le jù. Ẹ̀yin ará wa ní London, ẹ ṣọ́ra: .22 kò sí lára àwọn ọta tí òfin yín kà sí ti àtijọ́, nítorí náà ọjọ́ orí ìbọn yìí nìkan kò lè gbà yín sílẹ̀. Ẹ bi ọlọ́pàá kí ẹ tó náwó.

Mo ń fi Renaissance Wax (ìda tí wọ́n fi ń dáàbò bo ohun àtijọ́) díẹ̀ pa á, mo ń wọ ìbọ̀wọ́ òwú, n kì í fi sínú awọ nítorí awọ a máa jẹ idẹ. Ẹ má fi ohun tí a fi ń dán idẹ kàn án láé. Ẹ má sì ki ọta òde òní sínú rẹ̀, ètù dúdú ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn ní kí n gbé e bọ̀ nílé lọ́dún Kérésì kí àwọn ọmọ rí i. Àwòrán ni mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, nítorí òfin ìbọn Nàìjíríà ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ ohun èèwọ̀, ti ayé àtijọ́ pẹ̀lú.