Aṣọ Margilan ní Ìtòkú: mo rà á, mo wọ̀n ọ́n, mo fọ̀ ọ́

Yáàdì mẹ́fà aṣọ láti Margilan, ìlú kan ní Uzbekistan, ni mo sanwó fún. Nígbà tí mo délé ní Àsẹ́rọ̀ tí mo tẹ́ aṣọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo rò pé wọ́n ti gbàgbé ìdajì rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Gígùn rẹ̀ pé, kò dín kan, ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ dà bí ti aṣọ tí wọ́n ká sí méjì. Mo mú tépù: sẹ̀ǹtímítà 47. Ańkárá tí mo tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Télọ̀ mi wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Mummy, ṣé búbá lẹ fẹ́ rán ni àbí gèlè?"

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ yìí, ẹ bi wọ́n léèrè ìbú kí ẹ tó bi wọ́n léèrè iye. Wọn ò rẹ́ mi jẹ o. Bí wọ́n ṣe ń hun ún ní ìlú rẹ̀ nìyẹn, bí aṣọ òkè tiwa náà ṣe máa ń rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀sùn tí mo ní ni pé ọmọ tó tà á fún mi mọ̀, kò sì sọ.

Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, lẹ́yìn àwọn tó ń ta àdìrẹ. Kò ní sáìnbọ́ọ̀dù. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ni ín, nítorí mi ò fẹ́ ba ọjà ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fún mi ní omi tútù, ó gbé àga fún mi sídìí fáànù, kò sì fa aṣọ mi láti ojú títì bí àwọn tó kù. ₦14,000 ló pe yáàdì kan. Mo ná an títí a fi dé ₦11,500. POS rẹ̀ kò gbé, mo fi fóònù sanwó, ogójì ìṣẹ́jú la fi dúró kí owó tó wọlé. Àfihàn ló fi hàn mí lọ́jọ́ náà. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni tèmi máa dé láti Uzbekistan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ aṣọ náà fúnra rẹ̀ ná, torí òun ló gbà mí lọ́kàn. Adras ni wọ́n ń pè é. Fọ́nrán tí wọ́n ta ní gígùn jẹ́ ṣẹ́dà, èyí tí wọ́n fi ń dábùú rẹ̀ jẹ́ òwú. Èyí tó jẹ́ ṣẹ́dà látòkè délẹ̀ ni wọ́n ń pè ní atlas, owó ìyẹn kì í ṣe ti olówó ìfẹ̀yìntì bíi tèmi. Ìyá mi ṣe aró ní Ìtòkú títí ó fi kú, mi ò rí èékánná rẹ̀ kó funfun rí. Àdìrẹ tiwa, aṣọ tí wọ́n ti hun tán la ń fi ìko dì kí a tó rì í sínú aró. Àwọn ará Margilan kì í dúró de aṣọ. Fọ́nrán ni wọ́n ń dì. Wọ́n á ta á gbọọrọ, wọ́n á fi okùn dì í níbi tí wọn kò fẹ́ kí aró dé, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un dì fún àwọ̀ mìíràn, ìgbà náà ni wọ́n tó gbé e sórí òfì. Ìdí nìyẹn tí etí iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ fi máa ń ṣe bàìbàì. Abrbandi ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, abr sì ni ìkùukùu. Dídi ìkùukùu. Ìyá mi ì bá fẹ́ràn orúkọ yẹn. Ní ọdún 2017, UNESCO fi ilé iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Margilan sínú àkọsílẹ̀ àwọn tó ń dáàbò bo àṣà lọ́nà tó dára, torí wọn kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ayédèrú, ẹ yí i padà. Àdìdì fọ́nrán máa ń rí bákan náà lójú méjèèjì, nítorí inú fọ́nrán ni àwọ̀ náà wà. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣá. Ọmọ náà ní ayédèrú lórí pẹpẹ o, ₦3,000, ó sì sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé ayédèrú ni. Mo fún un ní máàkì fún ìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di kíláàsì ni ìgbà tó sọ fún oníbàárà mìíràn pé, "Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ń hun ún." Ọdún 26 ni mo fi kọ́ Government ní sẹ́kọ́ńdírì nínú ìlú yìí, mi ò lè dákẹ́. Kí n tó la ẹnu, Alhaji kan tó ń yẹ fìlà wò ti gbà á lẹ́nu mi: "Rọ́ṣíà kẹ̀? Uzbekistan ni! Ibẹ̀ ni Bukhara wà. Imam Bukhari ti ìlú ibẹ̀ wá!" Inú mi dùn sí i. Mo kàn fi kún un pé láti ọdún 1991 ni wọ́n ti gba òmìnira, pé orílẹ̀-èdè náà kò ní etí òkun, gbogbo aládùúgbò rẹ̀ márààrún náà kò sì ní. Kazakhstan, Kyrgyzstan, Tajikistan, Turkmenistan, Afghanistan. Ilẹ̀ méjì péré ló rí bẹ́ẹ̀ láyé: òun àti Liechtenstein ní Yúróòpù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, kò dún. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo pè é. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ma, bọ́dà ni. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ìlú wọn há sáàárín." Ó fi ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ lù mí lórí! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Bí ó bá jẹ́ ọdún 2015 ni, ǹ bá gbà á gbọ́ pátápátá.

Nítorí Margilan wà ní àfonífojì Fergana, àfonífojì náà ni Uzbekistan, Kyrgyzstan àti Tajikistan pín mọ́ra wọn lọ́wọ́ bí ẹ̀bà tí ọmọ mẹ́ta ń bù nínú àwo kan. Láyé Islam Karimov, ààrẹ Uzbekistan ìgbà náà, ìjà ni. Rélùwéè àtijọ́ láti Tashkent, olú ìlú wọn, sí Fergana ní láti gba Tajikistan kọjá. Dípò kí wọ́n parí ìjà, òkè ni wọ́n gbẹ́: ihò Kamchik, ó gùn ju kìlómítà 19 lọ, Ṣáínà ló bá wọn gbẹ́ ẹ, wọ́n ṣí i ní oṣù kẹfà ọdún 2016. Ẹni tó gbẹ́ òkè kó má bàa gba ojúde aládùúgbò kọjá, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Wọ́n ti ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀ sí ààlà Tajikistan ṣáájú ìgbà náà.

Karimov kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Shavkat Mirziyoyev tó gorí àga sọ pé àwọn aládùúgbò ni yóò kọ́kọ́ tọ́jú, ó sì ṣe é, kì í ṣe ẹnu lásán. Oṣù kẹrin 2017, ọkọ̀ òfuurufú bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Tashkent sí Dushanbe, olú ìlú Tajikistan, lẹ́yìn ọdún 25 tí kò fò. Oṣù kẹsàn-án, wọ́n ṣí ẹnu ibodè Dostuk sí Kyrgyzstan, àwọn ìbátan tí wọn kò rí ara wọn láti ọdún mélòó kan sì gbá ara wọn mọ́ra. Ọdún 2018, wọ́n yọ físà kúrò láàárín àwọn àti Tajikistan. Nípa owó, oṣù kẹsàn-án 2017 náà ni wọ́n fi som, owó wọn, sílẹ̀ kó rí iye tó tọ́ sí i, dọ́là kan tí báńkì ń pè ní nǹkan bí 4,200 di nǹkan bí 8,100. Àwa tí a rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà ní oṣù kẹfà 2023 mọ bó ṣe máa ń ta ni lára. Ṣùgbọ́n ahunṣọ tó ń ta aṣọ sókè òkun ń rí owó rẹ̀ gbà láìgba ọwọ́ àwọn onípàṣípààrọ̀ kọ̀rọ̀.

Oṣù kẹta 2018 ni àwọn olórí agbègbè náà jókòó ní Astana, olú ìlú Kazakhstan, láìpe Rọ́ṣíà tàbí Ṣáínà sí i, wọ́n sì ti ń ṣe é kiri láti ìgbà náà: Tashkent, Avaza, Cholpon-Ata, Dushanbe, Astana lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2024. Kyrgyzstan àti Tajikistan yìnbọn lu ara wọn ní 2021 àti 2022, àwọn èèyàn kú. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2025, ààrẹ àwọn méjèèjì àti ti Uzbekistan pàdé ní Khujand, ní Tajikistan, wọ́n fọwọ́ sí ìwé lórí ojú ibi kan ṣoṣo tí ààlà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé. Oṣù méjì ṣáájú ìyẹn ni Mali, Burkina Faso àti Niger kó ẹrù wọn jáde nínú ECOWAS. Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa níbí, Ìdírókò: wọ́n tì í ní oṣù kẹjọ 2019, oṣù kẹrin 2022 la tó ṣí i. Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin tó ń ta ìrẹsì níbẹ̀. Kò tíì dìde láti inú gbèsè yẹn.

Bí Uzbekistan ṣe ń ṣe sí àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ló dà bí ìṣe ìyálọ́jà sí mi. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wà ní ibùdó Karshi-Khanabad níbẹ̀ láti 2001, Uzbekistan ní kí wọ́n máa lọ ní 2005. Uzbekistan jáde nínú ẹgbẹ́ ológun tí Rọ́ṣíà ń darí ní 2012, ọdún náà ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé ọmọ ogun òkèèrè kankan kò ní ní bárékè lórí ilẹ̀ wọn mọ́. Nínú ẹgbẹ́ ọrọ̀-ajé Rọ́ṣíà náà, ìjókòó òǹwòye ni wọ́n gbà ní 2020, wọn kò wọlé tán. Samarkand ni Putin, Xi àti Modi pàdé sí ní 2022. Samarkand kan náà ni àwọn ará Yúróòpù wá ní oṣù kẹrin 2025. Gbogbo oníbàárà ni wọ́n ń gbé àga fún, wọn ò gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ẹnì kankan lọ́wọ́.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ tán o. Nígbà tí Uzbekistan àti Kyrgyzstan parí ọ̀rọ̀ ààlà ní 2022, adágún omi àtọwọ́dá Kempir-Abad wà nínú àdéhùn náà. Ní Kyrgyzstan, wọ́n kó èèyàn tó lé ní ogún sí àtìmọ́lé nítorí wọ́n ta kò ó, ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ tó dá wọn láre. Àwọn olórí lè bọ ara wọn lọ́wọ́ kí tálákà sì wà lẹ́wọ̀n.

Nígbà tí aṣọ mi dé ní ọ̀sẹ̀ keje, ìwé ẹrù wà lára rẹ̀. Mo wọ awò ojú mi. Ó kúrò ní Margilan, ọjọ́ kẹta ó ti dé Tashkent. Ọjọ́ kẹfà, ó fò. Ọjọ́ kẹsàn-án, ó ti kúrò ní Istanbul. Ó dé Èkó ní ọjọ́ kejì sí i. Ìyókù, ó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Èkó ni ó wà, lọ́wọ́ agẹ́ǹtì kan tí kò gbé fóònù. Ìlú tí kò ní òkun rárá ti ṣe tirẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Mo gbé ìwé náà fún ọmọ náà, mo ní kó kà á sókè. Ó kà á, ó ní, "Ẹ má bínú, ma." Ó dá ₦5,000 padà fún mi láìjẹ́ pé mo bèèrè.

Mo fọ ègé kékeré kan nínú omi tútù tí mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí. Àwọ̀ pupa ṣá díẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, kò ṣá mọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọ̀ ewé àti dúdú kò mira. Ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e lójú, ẹ fi aṣọ funfun bò ó. Télọ̀ so ìbú méjì pọ̀ bí wọ́n ti ń so aṣọ òkè, yáàdì mẹ́fà náà sì di búbá àti ìborùn, kò tó ìró. Ìró, mo fi àdìrẹ aláró dúdú tí ìyá mi fi sílẹ̀ ṣe é. Níbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi, ẹni mẹ́rin bi mí léèrè ibi tí mo ti rà á.

Mẹ́ta àti ààbọ̀ nínú márùn-ún: aṣọ gba márùn-ún, ìwà ọmọ náà gba mẹ́rin, agẹ́ǹtì Èkó ló fà wọ́n sẹ́yìn. Mo padà lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Ó ti fi máákà kọ ọ́ sára páálí lẹ́nu ọ̀nà: ÌBÚ 47. Òkè rẹ̀, ó kọ Uzbekistan, ó gbàgbé "z" nínú rẹ̀, mo sì bá a fi sí i.