Bàtà kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ mi kò kú nínú rẹ̀ mọ́ lọ́nà Ìdànrè

Bí èèyàn bá dárúkọ kẹ̀kẹ́ ní Àkúrẹ́ báyìí, Márúwá ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè là á. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni tèmi, irú tí wọ́n fi ń sáré: táyà rẹ̀ tín-ín-rín, ọwọ́ rẹ̀ sì ká kọrọdọ bí ìwo àgbò. Bàtà tí à ń wọ̀ gùn ún náà yàtọ̀. Atẹ́lẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, wọ́n sì fi bóòtù mẹ́ta de ike pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn nísàlẹ̀. Cleat là ń pe ike yẹn, òun ló ń há mọ́ pẹ́dà. Tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tó dún pá, ó parí, ẹsẹ̀ yín kò ní í kúrò níbẹ̀ àfi tí ẹ bá yí gìgísẹ̀ síta.

Àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń gùn ún. Mo máa ń gbéra láti Alágbàká, mo máa ń gba Òkè Àró já sọ́nà Ìdànrè, bíi kìlómítà 24 ni. Àwọn àlejò ń lọ síbẹ̀ torí òkè tó ní àtẹ̀gùn 660. Èmi kì í gun àtẹ̀gùn kankan, torí kí n tó débẹ̀, ẹsẹ̀ òsì mi á ti kú.

Kì í bẹ̀rẹ̀ bí ìrora. Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbóná, bí ẹni dúró láìwọ bàtà sórí àpáta lọ́sàn-án gangan. Lẹ́yìn náà á wá máa ta ṣín-ín ṣín-ín láàárín ọmọ ìka kẹta àti ìkẹrin. Tó bá fi máa tó ogójì ìṣẹ́jú, n ò ní mọ̀ bóyá ìka kankan ṣì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ibi tí ìyá àgbàlagbà kan ń sá kòkó sí, mo bọ́ bàtà, mo ń gbá àtẹ́lẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ gbì gbì. Màmá fi igi tó fi ń da kòkó sílẹ̀, ó sáré wá.

"Ọmọ mi, ṣé ejò ló bù ẹ́ jẹ ni?"

"Rárá o, mà. Bàtà ni."

Ó wo bàtà, ó wo mi, ó ní, "Bọ́ ọ dànù." Ó padà sídìí kòkó rẹ̀.

N kò bọ́ ọ dànù, torí owó. N ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi. Nọ́ńbà 43 ni mò ń wọ̀ nínú bàtà yòókù. Èyí tí mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò nínú tiwọn fún mi níwájú, ni mo bá mú 44, ìyẹn náà ṣì fún, mo wá ra 45. Ẹ gbọ́, bàtà tó gùn sí i kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ sí i. Àyè wá ṣẹ́kù níwájú ọmọ ìka tó lè gba ẹ̀pà méjì, síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣì ń fún mi bí ẹ̀mú. Ohun tó tún burú, tí n kò mọ̀ nígbà yẹn, ni pé bí bàtà ṣe ń gùn sí i ni ihò tí wọ́n ń de cleat sí ń lọ síwájú. Mo wá ń fi ìdí ọmọ ìka tẹ pẹ́dà dípò ibi tó nípọn lẹ́yìn wọn.

Mo gbé e lọ bá bàbá aránbàtà kan ní Ọjà Ọba. Wọ́n ki igi sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì kó lè fẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní, "Ó ti padà sí bó ṣe wà. Ká ní awọ ni, mi ò bá bá ẹ bá a wí. Ike lèyí." Wọ́n wá wo ẹsẹ̀ mi nínú sílípáàsì, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ẹsẹ̀ rẹ fẹ̀ níwájú bí ọkọ́. Ẹsẹ̀ àgbẹ̀ ni." Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn sì ló là mí lójú.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí mo ti rìn káàkiri tí ẹsẹ̀ ti wú tó bó ṣe máa ń wú, mo tẹ́ abala ìwé méjì sórí táìsì, mo dúró lé e lórí ṣinṣin, mo ní kí ìyàwó mi fi báírò gba etí ẹsẹ̀ mi yípo, kó mú báírò náà dúró gbọnrangandan, kó má fì í sábẹ́ ẹsẹ̀. Ó rí i gẹ́gẹ́ bí eré, àmọ́ ó ṣe é. Òsì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 26.8, ọ̀tún 26.5. Fífẹ̀ òsì jẹ́ 10.8. Mo wá yọ ìtẹ́ inú bàtà 45 yẹn jáde, mo wọn ibi tó fẹ̀ jù lára rẹ̀: 8.8. Mo gbé ìtẹ́ náà lé àwòrán ẹsẹ̀ mi lórí, ọmọ ìka tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e yọ síta bí ẹni ń yọjú lójú fèrèsé.

Àwọn iṣan ìmọ̀lára tó lọ sí ọmọ ìka gba àárín àwọn egungun gígùn márùn-ún tó wà níwájú ẹsẹ̀ kọjá. Tí bàtà bá fún àwọn egungun yẹn pọ̀, iṣan ló há sáàárín. Ooru á mú ẹsẹ̀ wú, bàtà tó le bí pákó kò sì ní í wú bá a. Ìdí nìyẹn tí tèmi fi ń dáa díẹ̀ nígbà ọyẹ́, tó sì ń burú ní oṣù Mẹ́ta.

Bàtà tí mo wá rà ni RC3 ti ilé iṣẹ́ Shimano, oríṣi tó fẹ̀. Ẹ ṣọ́ra o, RC3 lásán wà, RC3 tó fẹ̀ náà sì wà. Àbúrò mi tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ló bá mi rà á, owó rẹ̀ lé ní 100 pọ́n-ùn. Nínú àtẹ ìwọ̀n Shimano, 43 jẹ́ ti ẹsẹ̀ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 27.2, mo sì mú un torí ẹsẹ̀ òsì tó tóbi jù. Ike nylon tí wọ́n po mọ́ okùn gíláàsì ni atẹ́lẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe carbon tó máa ń le jù ú lọ. Àwọn tó fẹ́ràn àtisáré máa sọ pé kò le tó. Èmi kì í bá ẹnikẹ́ni sáré lọ Ìdànrè.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ọmọ ìka márààrún tẹ́ kalẹ̀, mo sì lè mì wọ́n. Gìgísẹ̀ dúró, kò yọ sókè. Kókó roboto kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí èèyàn ń yí, tí wáyà tín-ín-rín á máa fà á pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fún un délẹ̀ nílé. Èmi máa ń fi sílẹ̀ dẹ̀ díẹ̀, tí mo bá ti gùn ún fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo máa ń wá yí i lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo ń wọ̀ sí i. Èyí tó nípọn máa jẹ gbogbo àyè tí ẹ fowó rà.

Ká sọ tòótọ́, bàtà nìkan kò yanjú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, pajápajá ṣì dé, àmọ́ ó pẹ́ kó tó dé. Mo wá tú cleat, mo fà á sẹ́yìn ní mìlímítà márùn-ún, kí pẹ́dà lè kúrò lábẹ́ ibi tí iṣan ti ń pínyà. Ẹ kọ́kọ́ fi báírò sàmì sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ má baà sọ ọ̀nà padà nù. Nígbà tí cleat lọ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi kò fi bẹ́ẹ̀ tó pẹ́dà mọ́ nísàlẹ̀, mo sì rẹ ìjókòó sílẹ̀ ní mìlímítà méjì. Yẹ́lò ni cleat tèmi nínú ti Shimano, ó ń jẹ́ kí gìgísẹ̀ yí ní dígírì 6. Búlúù gba 2, pupa kò gbà kó yí rárá. Mo rò pé ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu kò gbọdọ̀ bá pupa ṣeré.

Èyí tó kẹ́yìn, ọ̀bẹ ìdáná ni mo fi ṣe é. Mo gé fóòmù sílípáàsì tó ti já, tó bí ẹyọ obì tí wọ́n là sí méjì, mo ha etí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìtẹ́ bàtà òsì. Ó yẹ kó gbé àwọn egungun náà sókè kí wọ́n lè yà díẹ̀ lára wọn. Mo kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ sí ibi tó ń dùn mí gan-an, ọjọ́ yẹn n kò kọjá kìlómítà mẹ́wàá. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ló yẹ kó wà. Mo fà á sẹ́yìn bíi sẹ̀ǹtímítà kan, ó tán.

Mo ti lọ Ìdànrè nígbà mẹ́sàn-án látìgbà náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹsẹ̀ kú, ìyẹn sì jẹ́ ọjọ́ tí mo yí kókó yẹn jù torí òjò. Rírìn nínú rẹ̀ kò rọrùn, bó ṣe rí pẹ̀lú gbogbo bàtà onírú cleat yìí: mò ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ lórí ọ̀dà, etí cleat sì ti jẹ. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi gbogbo, irú tó ní bóòtù méjì, tí cleat rẹ̀ rì sínú atẹ́lẹ̀, ló máa bá yín mu. Bí ẹsẹ̀ yín bá sì ń kú nígbà tí ẹ kò tilẹ̀ gun kẹ̀kẹ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, torí àtọ̀gbẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàtà 45 àkọ́kọ́ ńkọ́? Àbúrò ìyàwó mi tó wà ní FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ló gbé e. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ gùn gbọọrọ, ó sì tín-ín-rín bí ẹja sáwá. Ó ti wọ̀ ọ́ dé Ọ̀wọ̀, ó tún padà lọ́jọ́ kan náà, ó ní n kò mọ bàtà gidi ni.