Àgọ́ ẹlẹ́ni méjì fún ìjì Scotland: gbọọrọ ni ká rà, àbí rìbìtì?

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1986, ẹ̀rọ tó ń wọn atẹ́gùn lórí òkè Cairn Gorm ní Scotland ka máìlì 173 ní wákàtí kan. Kò sí àgọ́ orí àtẹ tó lè dúró de irú ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà kankan fi ẹnu dídùn tà á fún yín. Èyí tí ẹ máa bá pàdé lóòótọ́ ni òjò tó ń fẹ̀gbẹ́ rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, àti atẹ́gùn máìlì 40 tàbí 50 tó lè yí ojú padà lóru. Síbẹ̀, ibẹ̀ ló rọrùn jù fún àwa tí a wà ní Britain láti sùn sórí òkè. Òfin ọdún 2003 gbà kí èèyàn pàgọ́ sórí ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ ibẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, àfi àwọn ibì kan bí apá kan etí adágún Loch Lomond, tó ń fẹ́ ìwé àṣẹ láti oṣù kẹta sí oṣù kẹsàn-án.

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà ni wọ́n á kọ́kọ́ kà fún yín: 3,000 mm, 5,000 mm, ìyẹn bí omi ṣe lè ga tó lórí aṣọ àgọ́ kó tó jò. Ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ sì gbójú kúrò níbẹ̀. Aṣọ àgọ́ tó dáa kì í sábà jò. Ọ̀pá ló ń ṣẹ́, èèkàn ló ń tu, àgọ́ inú, ìyẹn ibi tí ẹ máa sùn, ló sì ń rin gbingbin kí ẹ tó pa á tán. Bí eré atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti àgọ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo ìrísí àgọ́ kí n tó wo nǹkan mìíràn, kí n tó wá béèrè èyí tó ń kọ́kọ́ dìde, àgọ́ inú ni àbí ìbòrí òde tó ń dá òjò dúró.

Kaitum 2 àti Allak 2

Ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe méjèèjì, Hilleberg ti Sweden, tó ti wà láti ọdún 1971. Wọ́n ti so àgọ́ inú wọn mọ́ ìbòrí òde, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n jọ ń dìde, òjò kò sì ráyè kan ibi tí ẹ máa sùn.

Kaitum 2 ni gbọọrọ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní tunnel. Ọ̀pá mẹ́ta tó gùn dọ́gba ló gbé e ró, torí náà òrùlé rẹ̀ kò rẹlẹ̀ níbi ẹsẹ̀. Ẹni kan lè jókòó lápá orí, ẹnì kejì lápá ẹsẹ̀, kí wọ́n máa tàkúrọ̀sọ. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, ọ̀dẹ̀dẹ̀ méjì. Bí ẹ bá fẹ́ àyè láìru ẹrù tó pọ̀ jù, gbọọrọ ló ń borí.

Àmọ́ kò lè dá dúró láìsí èèkàn, orí rẹ̀ kan ló sì gbọ́dọ̀ kọjú sí atẹ́gùn. Bí atẹ́gùn bá yí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní aago méjì òru, ara àgọ́ á máa tẹ̀ wá bá yín lórí ibùsùn. Bí ẹ bá ti kan gbogbo okùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kò ní tètè wó, ṣùgbọ́n oorun ti parí nìyẹn.

Allak 2 rí rìbìtì bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọ̀pá mẹ́ta rẹ̀ kọjá lórí ara wọn, ibi yòówù kí atẹ́gùn ti wá, kò bá a ní ẹ̀gbẹ́ tó rọ̀. Ó lè dá dúró. Bí òkúta bá wà lábẹ́ yín, ẹ kàn máa gbé e lódindi sún síwájú ni. Òun náà ní ilẹ̀kùn méjì, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kéré sí ti Kaitum, ògiri rẹ̀ sì ń dagun wá síbi èjìká yín. Ìwọ̀n wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, bíi kílò mẹ́ta ó lé díẹ̀. Owó wọn ń lọ sí ẹgbẹ̀rún kan pọ́ùn, ó sì sábà máa ń kọjá bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ àfonífojì tó ní koríko ni ẹ máa ń sùn sí, Kaitum ni mo máa ní kí ẹ rà. Bó bá jẹ́ orí òkè olókùúta, Allak.

Àwọn tó ń kọ́kọ́ gbé àgọ́ inú dìde

Quasar ti Terra Nova, ilé iṣẹ́ kan ní Derbyshire, le ju gbogbo àwọn tí mo dárúkọ lọ, àwọn tó ń gun òkè ńlá sì gbára lé e. Ẹjọ́ tí mo bá a rò kò ju pé àgọ́ inú ló ń kọ́kọ́ dìde. Ẹ fojú inú wò ó: àgọ́ inú ti dúró, òjò ń lu orí rẹ̀, ẹnì kan di ìbòrí mú, atẹ́gùn sì ń fi í wé e lójú. Kí ẹ tó mọ igun tó bá igun mu, adágún kékeré ti wà níbi ìrọ̀rí. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ẹni méjì tó ti fi í dánra wò lè yára ju òjò lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Hubba Hubba ti MSR, láti Amẹ́ríkà, fúyẹ́ gan-an, kò tó kílò méjì, ó sì láyè nínú. Ṣùgbọ́n àwọ̀n ló pọ̀ lára àgọ́ inú rẹ̀. Atẹ́gùn tó bá gba abẹ́ ìbòrí wọlé á gba inú àwọ̀n kọjá sí yín lára. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa fún.

Bí owó bá há

Vango, ọmọ bíbí Scotland, ń ta àgọ́ tí owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta ti Hilleberg. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ọ̀já tí ẹ máa ti inú fà, tó ń jẹ́ kí ọ̀pá lè kojú atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́. Polyester ni wọ́n fi ń rán ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí òjò bá rin ín, kì í rọ̀ bíi nylon, ẹ ò ní máa jáde lóru láti fún okùn. Ẹ kàn fi owó díẹ̀ sí i ra èèkàn tó nípọn. (Bó bá jẹ́ ọmọ yín tó ń ṣe Duke of Edinburgh's Award, ètò àwọn ọ̀dọ́ tó ní ìrìn àjò àti ìpàgọ́ nínú, ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ lè yá a ní àgọ́.)

Ní ti àyè, ẹ wọn ẹní ìsùn yín. Ẹní méjì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 63 jẹ́ 126. Àgọ́ tó bá fẹ̀ ní 120 kò gbà á, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí. Ẹni gíga gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, torí ògiri tó dagun ń jẹ nínú gígùn rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹ̀wù tútù àti bàtà ẹlẹ́rẹ̀ máa wà, nítorí náà ẹ má fi ṣeré. Àmọ́ ẹ má ti síìpù pa kí ẹ máa dáná níbẹ̀: èéfín carbon monoxide kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn. Omi tí ẹ bá rí lára ìbòrí láàárọ̀, èémí yín ló sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe jíjò.

Tòkunbọ̀ náà dáa, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n wò. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tú u sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ pa inú ìbòrí àti ilẹ̀ àgọ́. Bó bá lẹ̀ mọ́ ìka, tó sì ń rùn bí èébì, ohun tí wọ́n kùn ún kí omi má wọlé ti ń jẹrà nìyẹn. Ẹ ká a padà fún un, kódà bó bá dín owó rẹ̀ kù sí ìdajì.