Zip àbí SuperDisk: èwo ló yẹ kó jogún ipò flọ́pì?

Flọ́pì, díìsìkì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pa mọ́ láyé ìgbà kan, kì í sábà gbà ju 1.44 MB lọ. Nígbà tí àwòrán àti orin bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú kọ̀ǹpútà ní àárín àwọn ọdún 1990, ó di dandan kí nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Zip ti ilé-iṣẹ́ Iomega àti SuperDisk, tí wọ́n tún ń pè ní LS-120, wà lára àwọn tó du ipò náà.

Zip ló kọ́kọ́ dé ọjà, ní 1995, pẹ̀lú 100 MB. Ó yára ju SuperDisk lọ, àwọn onítẹ̀wé sì tètè gbà á. Ìyẹn ló jẹ́ kó borí: bí oníbàárà bá gbé iṣẹ́ wá lórí Zip, àfi kí onítẹ̀wé náà ní ẹ̀rọ Zip. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kò lè ka flọ́pì rárá. Èyí tó burú jù ni ìró kíkì-kíkì tí àwọn kan ń gbọ́ nínú rẹ̀, tí ohun tí wọ́n kó pa mọ́ á sì bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà.

SuperDisk gba 120 MB, ẹ̀rọ kan náà sì ń ka flọ́pì àtijọ́, ó tún ń kọ sí i. Òòfà ló fi ń kọ̀wé, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ lésà ló ń fi ọ̀nà hàn án lójú díìsìkì. Lójú tèmi, ọgbọ́n rẹ̀ jinlẹ̀ jù, torí kò ní kí ẹnikẹ́ni kó flọ́pì rẹ̀ dànù. Ó kàn pẹ́ kó tó dé ni, ó sì ń falẹ̀.

CD tó ṣeé kọ, tó gba 650 MB lówó pọ́ọ́kú, ló gba ọjà mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́.