Tomb of Horrors: ìwé kan náà, alẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti darí Tomb of Horrors, ìwé ìrìnàjò kan fún Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí kálukú ti ń ṣe ẹ̀dá ìtàn kan, tí wọ́n sì ń ta dáìsì láti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i. Lẹ́ẹ̀kíní, mo ba eré jẹ́ mọ́ àwọn ènìyàn mi lọ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò fẹ́ dìde nídìí tábìlì. Nítorí ẹ̀yin DM, ẹ̀yin tí ẹ ń darí eré fún àwọn yòókù, tí ẹ ti ní ìwé yìí nílé, tí àyà yín ń já láti ṣí i, ni mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe eré náà fúnra yín, ẹ dákun, ẹ dúró níbí, torí màá tú àṣírí pàkúté méjì.

Gary Gygax ló kọ ọ́ fún ìdíje kan ní Origins, àpéjọ àwọn eléré, ní 1975, ilé iṣẹ́ TSR sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún Dungeons & Dragons ní 1978. Ẹni tó ń lo òfin ẹ̀dà karùn-ún eré náà lè rí i nínú àkójọ ìrìnàjò méje tó jáde ní 2017, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ni èmi lò. Ìwé pẹlẹbẹ ni. Ibojì Acererak ni ìtàn náà dá lé, oṣó kan tó kú tí kò kú tán. Ogun jíjà ò pọ̀ níbẹ̀. Pàkúté ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ní fún yín láyè láti ta dáìsì kí ẹ fi gba ara yín là.

Ní òpin ọ̀nà àbáwọlé, orí ànjọ̀nú aláwọ̀ ewé kan wà lára ògiri, ó la ẹnu gbàgà. Inú ẹnu yẹn ṣú birimùbirimù. Ohunkóhun tó bá wọ ibẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ojú ń kán mi kí a tètè dé inú lọ́hùn-ún, mo bá sáré ka ibẹ̀, mo ní, "Ihò kan wà níwájú yín, ènìyàn lè gba ibẹ̀ wọlé." Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ń wọlé. Àwọn mẹ́ta tẹ̀ lé e. Mo wo ìwé, mo ní gbogbo wọn ti kú. Ọdún méjì ni ẹ̀gbọ́n mi ti fi ń ṣe ẹ̀dá ìtàn yẹn bọ̀. Ó ká ìwé ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ sí méjì, ó tì í bọ àpò, kò bínú, kò sọ ohunkóhun. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn dùn mí ju ariwo lọ.

Ó pẹ́ kí n tó rí ibi tí mo ti ṣìṣe. Ìwé sọ fún mi nípa ojú, ẹnu, àwọ̀ àti òkùnkùn. Èmi sọ "ihò". Bẹ́ẹ̀ wọ́n fi ìwé àwòrán tì í, pé kí DM máa fi han àwọn tó ń ṣeré. Mo fi pamọ́ sínú àpò, mo rò pé yóò tú àṣírí. Àwòrán yẹn gan-an ló jẹ́ kí ikú ibẹ̀ jẹ́ ikú tó tọ́: ẹni tó rí i tó sì wọlé, òun ló yàn án.

Nígbà kejì, kí a tó jókòó rárá, mo kìlọ̀ fún wọn pé ibi ikú là ń lọ, kí wọ́n fi ẹ̀dá ìtàn tí wọ́n fẹ́ràn sílé, kí kálukú mú méjì tuntun wá. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ànjọ̀nú náà, mo kọjú àwòrán sí wọn, mo sì pa ẹnu mi dé. Wọ́n pé lé e lórí. Àbúrò mi obìnrin fi ìka kan ẹnu dúdú yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé òkùnkùn lásán nìyí?"

"Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Ó ní òun á ti ọ̀pá òun, ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 10, wọ ibẹ̀ níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 3, òun á sì fà á padà. Mo ní, "Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ jẹ́ 7. Ojú ibi tó ti gé ń dán bí ohun tí wọ́n fi abẹ gé. O ò gbọ́ ìró kankan." Kò sẹ́ni tó mí. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

Àlọ́ àpamọ̀ kan tún wà nílẹ̀ ọ̀nà yẹn, tí Acererak fi sílẹ̀ fún àlejò. Mo fọwọ́ kọ ọ́ sórí tákàdá, mo fún wọn. Mi ò ní kí wọ́n ta dáìsì láti lóye rẹ̀. Ohun tí ọpọlọ lè tú, ọpọlọ ni kó tú u.

Ìwé náà ní àbùkù o. Níbì kan, èéfín á mú wọn sùn, ẹ̀rọ òkúta ńlá kan á sì yí gba orí wọn kọjá. Kí ni ẹni tó sùn fẹ́ yàn? Èmi fi òórùn dídùn àti ìró òkúta tó ń lọ̀ ṣáájú, kí ẹni tó bá fetí sílẹ̀ lè sá. Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà tún dì jù. Ohun tó lè gba ẹ̀mí ènìyàn là máa ń fara pamọ́ sáàárín gbólóhùn gígùn, nítorí náà ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ fi bírò fàlà sí i.

Bí ìjà ni àwọn ènìyàn yín fẹ́ràn, ẹ má ra á. Gygax fúnra rẹ̀ kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé náà. Tiwa ò tíì dé ọ̀dọ̀ Acererak, ẹ̀dá ìtàn márùn-ún ti lọ sí i, wọ́n sì ń bi mí léèrè ọjọ́ tí a ó tún jókòó. Lórí ìwé ẹ̀dá ìtàn àbúrò mi, níbi tó kọ ẹrù rẹ̀ sí, ó ti fa igi lé 10, ó kọ 7 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.