Ọdún Kẹta Rèé Tí Mo Ti Ń Ra Olú Lọ́wọ́ Màmá Ojú Ọ̀nà Ìkìrun

Òjò rọ̀ ní Òṣogbo ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ó rọ̀ títí àkùkọ fi kọ. Nígbà tó dá, mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo rí ìyẹ́ èsúnsún tó bo ojú omi ìkòkò aró mi. Mo ká àwọn aṣọ tí mo fẹ́ rẹ lọ́jọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo gbé abọ́ oníke méjì, mo dá ọ̀kadà dúró ní Òkè-Baálẹ̀. ₦500 ló gbà. Tí èsúnsún bá ti fò báyìí, olú ò ní pẹ́ yọ, Màmá olólú náà ò sì ní pẹ́ dé ìdí ọjà rẹ̀.

Màmá yìí kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò gbé pátákó kankan sí ìta. Abẹ́ igi odán kan ló ń jókòó sí lójú ọ̀nà Ìkìrun, kí èèyàn tó jáde kúrò láàárín ilé. Agbọ̀n mẹ́ta, ààrò kan, ìkòkò amọ̀ méjì àti bẹ́ǹṣì tó lè gba èèyàn mẹ́rin, gbogbo ohun tó ní nìyẹn. N kò dárúkọ rẹ̀ nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n má ṣe é. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ra olú lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo sì ń jẹ èyí tó bá sè. Ọ̀pọ̀ èèyàn nílùú yìí ni ìbẹ̀rù ti mú kí wọ́n jáwọ́ nínú jíjẹ olú inú igbó. N kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ olú ṣì wà, mo sì fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Agbọ̀n kìíní rẹ̀ ni ti olú ọ̀rán, àwọn kéékèèké funfun tí orí wọn kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n máa ń hù lọ síwájú lọ sẹ́yìn bí ẹni fọ́n ọkà fún adìyẹ. Abọ́ kan jẹ́ ₦1,000. Nínú agbọ̀n kẹta ni olú tó hù lórí háhá ẹyìn àti lára igi ọ̀pẹ tó ti jẹrà wà, àwọ̀ eérú ló ní, inú àpò kan tó dà bí ẹyin ló sì ti ń yọ jáde. Ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ wù mí, ó máa ń yọ̀ lẹ́nu jù.

Agbọ̀n àárín ni mo máa ń sáré bá. Àwọn ńlá tó ti inú ọ̀gán jáde ló wà níbẹ̀, orí wọn yọ ṣóńṣó láàárín, gbòǹgbò wọn gùn bí ọwọ́ ọmọdé. ₦2,500 ni òkìtì kan tó tó èèyàn márùn-ún jẹ. Àwọn tó ń ta olú kiri sábà máa ń gé gbòǹgbò yẹn dànù nítorí iyẹ̀pẹ̀. Màmá kì í gé e. Ó ní ẹni tó bá gé gbòǹgbò ti gé ẹ̀rí. Gbòǹgbò yẹn ló ń fi hàn pé ilé ikán ni olú náà ti wá lóòótọ́, nítorí ikán ló ń dá oko rẹ̀. Wọ́n á jẹ igi àti ewé gbígbẹ, wọ́n á fi mọ ohun kan tó rí jákujàku bí kànrìnkàn sínú ọ̀gán, orí ìyẹn ni olú á ti máa dàgbà, tí àwọn náà á sì máa jẹ ẹ́. Èyí tó bá ya ilẹ̀ jáde nígbà òjò ni àwa ń rí. Olú inú agolo tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, èèyàn ló gbìn ín. Ti ọ̀gán yìí, kò tíì sí ẹni tó ń gbìn ín tà. Ìdí nìyẹn tí Màmá kì í fi í jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń bá a lọ sóko fi ọkọ́ kan ọ̀gán rárá. Ọ̀gán tí ìyá rẹ̀ fi hàn án nígbà tó wà lọ́mọdé, ara rẹ̀ ló ṣì ti ń ṣa olú títí dòní.

Kì í wọ igbó Ọ̀ṣun. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan, torí pé igbó yẹn tó hẹ́kítà 75, òjìji ibẹ̀ tutù, olú ò ní ṣàì pọ̀ níbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ ohun burúkú. Ó ní ohun tó bá hù níbẹ̀, ti Ọ̀ṣun ni. A kì í dẹ ẹran ibẹ̀, a kì í pa ẹja odò rẹ̀, a kì í gé igi rẹ̀, báwo lèèyàn ṣe máa wá gbé agbọ̀n olú jáde níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo ra olú funfun ńlá lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń kiri. Ó lẹ́wà lójú, orí rẹ̀ tẹ́ bí àwo. Nígbà tí mo ń fọ̀ ọ́, mo rí i pé abẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ kan tí mo mọ̀ dáadáa. Tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ aṣọ nínú aró, kí afẹ́fẹ́ tó fẹ́ sí i, kò tíì dúdú nígbà yẹn, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Àwọ̀ yẹn gan-an ni mo rí lábẹ́ olú náà. Mo rí i, mo sì sè é bẹ́ẹ̀. Kò tó wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ tí èmi àti ọmọ mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí inú ń run wá, tí a kò lè dìde nílẹ̀. Omi ni wọ́n fà sí ọmọ náà lára títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà yẹn.

Nígbà tí mo ròyìn olú yẹn fún Màmá, kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Ṣé abẹ́ rẹ̀ ń fa àwọ̀ ewé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ṣé orí koríko gbalasa ló ti hù, tí kò ní gbòǹgbò?”

Mo ní n kò mọ ibi tó ti hù. Ó ní, “Ṣó o rí i, ọmọ mi? Ibẹ̀ yẹn ló ti bàjẹ́.”

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é. Kò sí olú ńlá kan tó máa wọ abọ́ oníbàárà tí kò ní kọ́kọ́ yí i dojú dé kó wo abẹ́ rẹ̀. Ó máa fọwọ́ pa ìdí rẹ̀ wò, ó máa gbóòórùn rẹ̀. Èyí tí kò bá dá a lójú, inú iná ló ń jù ú sí, kì í jù ú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ọmọ ẹlòmíràn ti lè he é. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń bá a jiyàn pé ìgbín ti jẹ lára olú kan, pé kò lè ní májèlé. Màmá ní ikùn ìgbín yàtọ̀ sí ikùn èèyàn. Òótọ́ ló sọ. Ìgbín ń jẹ olú tó lè pa èèyàn, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó ń ju àlùbọ́sà tàbí owó fàdákà sínú ìkòkò láti fi dán olú wò, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí. Májèlé mìíràn wà tí iná kò ní pa bó ti wù kí a sè é pẹ́ tó.

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé Michigan ní Amẹ́ríkà wálé ọdún Ọ̀ṣun. Ó kó olú gbígbẹ kan dání nínú ọ̀rá, morel ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Mo gbé e lọ fún Màmá kó bá wa sè é. Ó gbé ọ̀kan sí ìmọ́lẹ̀, ó ní ó jọ afárá oyin. Lẹ́yìn náà ló dá a padà sínú ọ̀rá.

“Gbé e lọ, ọmọ mi. N kì í se ohun tí n kò mọ ibi tó ti hù.”

Inú mi kò dùn lọ́jọ́ yẹn. Ní ọjọ́ kejì, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Màmá, Màmá sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí adájọ́. Ibo ló ti hù? Ta ló ṣa á? Ẹ̀gbọ́n mi ní òun fúnra òun ni, láàárín oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún, nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, lábẹ́ igi ọ̀hún kan tí wọ́n ń pè ní elm, èyí tó ti kú tí èèpo ń bọ́ lára rẹ̀. Ó ní nínú oko ápù àtijọ́ náà èèyàn máa ń rí i, pé ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ibi tí iná ti jó igbó lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ń wá a lọ. Ó la ọ̀kan sí méjì lóòró: inú rẹ̀ ṣófo láti orí dé ẹsẹ̀ bí inú fèrè. Ó ní ọ̀kan wà tó jọ ọ́, tó rí wúruwùru bí ọpọlọ, tí inú rẹ̀ kò ṣófo bẹ́ẹ̀, pé ìyẹn lè pa èèyàn. Ó tún ní ojúlówó rẹ̀ pàápàá, a kì í jẹ ẹ́ ní tútù. Ní ọdún 2023, ní ìpínlẹ̀ Montana, èèyàn 51 ló ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹun nílé oúnjẹ kan tó ń fi morel tí kò jinná sí oúnjẹ. Méjì nínú wọn kú.

Màmá ṣí ẹnu sílẹ̀. “Olú tútù? Ta ló ń jẹ olú ní tútù?”

Ìgbà yẹn ló tó dáná. Ó rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí ó fi rọ̀, ó fi aṣọ sẹ́ omi náà nítorí iyẹ̀pẹ̀, ó sì sè é pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní bọ́tà làwọn fi ń dín in lọ́hùn-ún. Epo pupa, àlùbọ́sà àti irú ni Màmá ní. Kí n sọ òtítọ́, irú bo òórùn olú yẹn mọ́lẹ̀, bọ́tà ni ì bá yẹ ẹ́. Ó dùn, ó ní òórùn igbó àti ti ẹran yíyan. Síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ń jẹ morel láti ọdún mọ́kànlá, olú ọ̀gán ló ní kí Màmá bù sí i fún òun.

Bí Màmá ṣe ń se olú ọ̀gán rèé. Kì í fi ọ̀bẹ gé e, ọwọ́ ló fi ń fà á ya lóòró bí ẹran adìyẹ. Ó máa bọ̀ ọ́ fún ìwọ̀nba ìgbà, ó máa fún omi rẹ̀ dànù. Kì í jẹ́ kí epo pupa gbóná jù. Àlùbọ́sà àti irú wooro á kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ata rodo àti tàtàṣé tó gún nínú odó, kì í ṣe èyí tí wọ́n lọ̀. Kì í fi ẹran sí i, kì í fi ẹja sí i. Olú náà ló máa wà lẹ́nu rẹ bí ẹran, ó máa fa díẹ̀, omi dídùn á sì jáde nínú rẹ̀ tí o bá tẹ̀ ẹ́ léyín. Pẹ̀lú àmàlà, ₦1,800 ni. Ẹ̀kọ ni mo fi ń jẹ ẹ́ ní tèmi, ó sì máa ń yọ ₦300 kúrò.

Olú ọ̀rán rẹ̀ ní iyẹ̀pẹ̀ gan-an. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo fọ èyí tí mo rà kẹ́yìn, ó ṣì ń dún lẹ́nu. Olú gbígbẹ rẹ̀ náà, èéfín pọ̀ lára rẹ̀ jù, ojú oòrùn ì bá dára jù. Lẹ́ẹ̀kan rí, ó tà fún mi lára èyí tó ti ṣa lánàá, kò sì sọ títí mo fi béèrè. Nígbà tí mo délé, kòkòrò ti wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì da ìdajì rẹ̀ nù. Olú kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ọjọ́ kan ti pẹ́ jù fún un. Mo sọ fún un, ó sì fi abọ́ kan dí i fún mi nígbà tí mo padà lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kó ti kọ́kọ́ sọ ọ́.

Kì í gba owó orí fóònù, ẹ mú owó dání. Ẹ mú abọ́ dání pẹ̀lú, torí ọ̀rá máa ń jẹ́ kí olú làágùn kó sì bàjẹ́ kí ẹ tó délé. Tí kò bá sí abọ́, ẹ ní kó fi ewé eéran dì í. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, aago méje kù díẹ̀ ni mo débẹ̀, èèyàn mẹ́fà ti ṣáájú mi. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án lù, agbọ̀n àárín ti ṣófo. Bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ bá ààrò tó tutù, tí wọ́n sì da ìkòkò dojú dé, kò sí òjò lálẹ́ àná nìyẹn, ẹ yí padà.